Oògùn Wà Lórí Pẹpẹ: Ọwọ́ Ta Ni Yóò Tó O?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ìdílé níbi ìpàdé ìdàpọ̀ wa lórí ìlera àti òdodo)

 

Wọ́n ní kí n wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìwòsàn tuntun kan tí àwọn oníṣègùn ń dán wò fún àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lukímíà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Kí ló kan ìdàpọ̀ tí ń jà fún òdodo nínú ọ̀rọ̀ láàbù? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn dókítà nìyẹn?” Ó kàn wá o. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n fi ń ṣe ìwòsàn yìí, ohun tí a máa ń sin pọ̀ mọ́ ibi ọmọ, tàbí tí ilé ìwòsàn máa ń dà nù. Ó sì tún kàn wá nítorí ohun tí àwọn àgbà sọ, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oògùn lè wà lórí pẹpẹ, kí ọmọ ó sì kú sí abẹ́ pẹpẹ náà. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, a kò lè sọ pé ìmọ̀ ló tán láyé. Òdodo ni kò tó.

1. Kí ni àrùn yìí?

Inú mùdùnmúdùn egungun ni Ọlọ́run ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara ti ń wá, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí í ṣe ọmọ ogun ara ti ń wá, ibẹ̀ náà ni èyí tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dì ti ń wá. Nígbà tí lukímíà bá wọlé, irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i láìdáwọ́ dúró. Kò ní gbó, kò ní ṣiṣẹ́, kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún àwọn yòókù, bí ìgbà tí koríko bá gba oko lọ́wọ́ àgbàdo.

Ohun tí ẹ óò rí lára aláìsàn nìyí: ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa funfun, á máa rẹ̀ ẹ́, ibà á tún padà lẹ́yìn tí ó ti lo oògùn ibà tán, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní imú tàbí ní èrìgì, àmì dúdú á máa yọ lára bí ẹni pé wọ́n lù ú, egungun á máa dùn ún. Nínú irú lukímíà kan tí ń rọra rìn, apá òsì ikùn á máa wú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà tí ọmọ bá ń funfun lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé àwọn kan ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn á na ìka sí ìyá àgbà, wọn á na ìka sí ìyàwó bàbá. Mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn: àrùn yìí kì í ràn, kì í sì í ṣe ìyá àgbà kankan ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀: ó ń ba orúkọ arúgbó jẹ́, ó sì ń fi àkókò tí ó yẹ kí ọmọ fi gba ìtọ́jú ṣòfò.

2. Àwọn ajagun-àbínibí

Ní ọdún 1975, Rolf Kiessling ní orílẹ̀-èdè Sweden àti Ronald Herberman ní Amẹ́ríkà, kálukú pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ nípa irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láìjẹ́ pé ó ti bá a pàdé rí. Natural killer ni wọ́n sọ ọ́, NK ni ìkékúrú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ajagun-àbínibí, nítorí pé a bí i mọ́ iṣẹ́ ogun ni.

Báwo ni ó ṣe ń mọ ọ̀tá? Ẹ rántí Ìrékọjá, nínú Ẹ́kísódù orí 12. Ilé tí ó ní àmì ẹ̀jẹ̀ lára òpó ilẹ̀kùn, apanirun ré e kọjá. Ilé tí kò ní àmì, ó wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ajagun yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó dára nínú ara wa ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí NK bá dé ẹnu ọ̀nà tí ó rí àmì náà, á ré kọjá. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa bọ́ àmì náà sọnù nígbà mìíràn kí àwọn ọmọ ogun mìíràn má bàa dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti bọ́ ọ gan-an ni ọwọ́ NK ti ń tẹ̀ ẹ́. Klas Kärre, ará Sweden, ni ó ṣàlàyé èyí ní àárín àwọn ọdún 1980.

Ẹ ó wá bi mí pé, bí Ọlọ́run bá ti fi irú ajagun báyìí sí wa lára, kí ló dé tí lukímíà tún ń pa ènìyàn? Àwọn ajagun náà kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àrùn a sì máa sọ wọ́n di aláìlágbára. Òmíràn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í bọ́ àmì rẹ̀ sílẹ̀ rárá, bí olè tí ó wọ aṣọ ọlọ́pàá. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ṣe ronú pé: bí a bá mú àwọn ajagun tí ara wọn le láti ara ẹlòmíràn, tí a sọ wọ́n di púpọ̀, tí a sì fún wọn ní ohun ìjà ńkọ́?

3. Bí wọ́n ṣe ń dì wọ́n ní àmùrè ogun

Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan wà tí ń jẹ́ MD Anderson. Dókítà Katayoun Rezvani, obìnrin, ni ó ṣáájú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ tí àwọn ìyá yọ̀ǹda lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ṣa àwọn NK inú rẹ̀ jọ, wọ́n á sì máa bọ́ wọn ní láàbù títí wọn yóò fi di ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń bọ́ wọn yani lẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ K562 ni. Ara obìnrin ẹni ọdún 53 kan tí lukímíà ń bá jà ni wọ́n ti mú un ní nǹkan bí ọdún 1970. Wọ́n ti fi ìtànṣán gba agbára ìbísí lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi mọ́, ó wá di ohun tí ń ru àwọn ajagun sókè. Ìpọ́njú obìnrin yẹn di okun fún àwọn tí ó bá irú ìpọ́njú kan náà pàdé lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á lo fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba oró lára rẹ̀ láti gbé jíìnì tuntun wọ inú NK náà. Ohun mẹ́ta ni jíìnì náà ń fún un. Àkọ́kọ́ ni ojú: yóò lè rí àmì kan tí ń jẹ́ CD19 lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, bí jẹjẹrẹ náà tilẹ̀ wọ aṣọ ọlọ́pàá. Èkejì ni oúnjẹ ọ̀nà: yóò lè pèsè èròjà kan tí ń jẹ́ IL-15 fún ara rẹ̀, kí ó má bàa tètè kú sójú ogun. Ẹ̀kẹta ni ìjánu: bí ajagun náà bá fẹ́ kọjá àyè rẹ̀, oògùn kan wà tí dókítà lè fún aláìsàn tí yóò pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Ojú, oúnjẹ ọ̀nà àti ìjánu. Ọlọ́gbọ́n balógun kì í rán ọmọ ogun jáde láìsí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Aláìsàn á kọ́kọ́ gba kẹmó fún ọjọ́ mélòó kan láti ṣí àyè sílẹ̀, wọ́n á sì wá dà wọ́n sí i lára láti inú iṣan, bí ẹni fa dírípù.

4. Kí ni èso rẹ̀?

Ní ọdún 2020 ni wọ́n gbé àbájáde àkọ́kọ́ jáde. Ènìyàn 11 ni wọ́n dán an wò lára wọn, àwọn tí lukímíà tàbí jẹjẹrẹ mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ funfun ń bá jà, tí oògùn mìíràn kò sì ràn mọ́. Àwọn 8 ni ara wọn gbà á, nínú wọn ni àwọn 7 tí wọn kò rí jẹjẹrẹ náà lára wọn mọ́. Wọn kò rí ibà burúkú tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ tí irú ìtọ́jú kejì rẹ̀ máa ń fà.

Ẹ yin Olúwa! Ṣùgbọ́n ẹ má ì jó kúrò lórí ìjókòó. Ní ọdún 2024, wọ́n gbé àbájáde ènìyàn 37 jáde. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún wọn wà láàyè, ṣùgbọ́n ìdá 32 péré ni àrùn náà kò tíì padà sí lára tàbí kó tún le sí i. Ìyẹn ni pé ìrètí wà, iṣẹ́ sì kù. Irú lukímíà tí wọ́n ń pè ní AML tún le ju èyí lọ, nítorí pé àwọn àmì ara rẹ̀ wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dára tí ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Bí ajagun bá pa gbogbo wọn, kí ni yóò kù? Síbẹ̀, ní ọdún 2005, àwọn dókítà Yunifásítì Minnesota ròyìn pé àwọn fún ènìyàn 19 tí AML wọn le gan-an ní NK láti ara ìbátan wọn, láìtíì fún un ní ojú tuntun kankan, àrùn náà sì pòórá lára àwọn 5.

Ìdánwò ni gbogbo èyí ṣì jẹ́. Kò tíì di oògùn tí ẹnikẹ́ni lè rà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn yín pé òun ní káńsù tàbí ohun mímu tí ń “mú NK le” tí ó sì ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sàn, ẹ fi owó yín sápò.

5. Ìdí tí ó fi jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún àwa ènìyàn dúdú

Ọ̀pọ̀ aláìsàn lukímíà ni ó nílò kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun wọn. Kí èyí tó ṣeé ṣe, àmì ìdánimọ̀ ẹni tí yóò fún wọn gbọ́dọ̀ bá tiwọn mu. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 lórí àkọsílẹ̀ àwọn olùfúnni ní Amẹ́ríkà fi hàn pé aláwọ̀ funfun tí ó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ní nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìrètí àtirí ẹni tí ó bá a mu pátápátá. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ìdá 19.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé kan. Ní London, lukímíà mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Daniel De-Gale ní ọdún 1993. Àwọn òbí rẹ̀, Beverley De-Gale àti Orin Lewis, kò rí ẹni tí ó bá a mu, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ACLT sílẹ̀ ní ọdún 1996 láti máa bẹ àwọn ènìyàn dúdú kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n tó rí obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tí ó bá a mu. Daniel gbé títí di ọdún 2008 kí ó tó sùn nínú Olúwa, ẹgbẹ́ náà sì ń ṣiṣẹ́ di òní. Ọmọ tiwa náà, Seun Adebiyi, amòfin ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà ní Amẹ́ríkà, bá àrùn yìí pàdé ní ọdún 2009. Wọ́n wá olùfúnni fún un, wọn kò rí. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n fi gbà á là. Ní ọdún 2012, ó ṣètò ìdásílẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ olùfúnni mùdùnmúdùn ní Ẹnúgu.

Ẹ wá wo ohun tí NK ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ajagun yìí kò nílò kí àmì àwọn méjèèjì bá ara mu délẹ̀délẹ̀, wọn kì í sì í sábà bá ara ẹni tí wọ́n wọ̀ jà. Ìtọ́jú kejì rẹ̀ tí ó ṣáájú, tí wọ́n ń pè ní CAR-T, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ṣe é fún òun nìkan bí aṣọ tí télọ̀ rán fún ẹnìkan ṣoṣo. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí àkọ́kọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, dọ́là 475,000 ni iye tí wọ́n dá lé e. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí Houston sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó ènìyàn tó ju 100 lọ, kí wọ́n sì fi pamọ́ sínú òtútù de ẹni tí yóò nílò rẹ̀. Ẹ̀bùn ìyá kan, ìwòsàn ọgọ́rùn-ún ilé! Èyí ni mo pè ní oògùn orí pẹpẹ.

6. Pẹpẹ náà ga

Ṣùgbọ́n ta ni ọwọ́ rẹ̀ tó o? Ìwé ọdún 2024 yẹn kan náà fi hàn pé àwọn ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí wọ́n fi pamọ́ sínú òtútù láàrin wákàtí 24 tí wọ́n gbà á ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ẹ ro ó wò ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́. Ìyá tí ó fẹ́ fi tọkàntọkàn yọ̀ǹda ìwọ́ ọmọ rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò gbé e sí. Àìsí iná, àìsí láàbù, àìsí adójútòfò ìlera, ìwọ̀nyí ni àkàbà tí wọ́n yọ kúrò lábẹ́ pẹpẹ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, ní ilẹ̀ wa níbí, wọ́n ṣèlérí láti máa ná ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn sórí ìlera. Títí di ìṣúná ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò dé ibẹ̀ rí. Ní ọdún 2022, òfin tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tálákà. Òfin ti wà. Àwa tí yóò máa bi wọ́n léèrè rẹ̀ dà?

Ẹ rántí ọkùnrin ẹ̀bá adágún Bẹtẹsídà, nínú Jòhánù orí 5. Omi ìwòsàn wà níwájú rẹ̀, ọdún 38 ni ó sì ti wà nínú àìsàn. Ẹjọ́ tí ó rò fún Jésù ni pé òun kò ní ẹni tí yóò gbé òun sínú omi. Irú ẹjọ́ yẹn ni àwọn òbí ń rò lónìí nínú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

7. Ẹ má sọ pé kò lè ṣeé ṣe

Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2001, oògùn imatinib jáde ní Amẹ́ríkà fún irú lukímíà kan tí ń rọra rìn, CML. Oníhóró tí à ń gbé mì lásán ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju dọ́là 20,000 lọ lọ́dún kan. Ta ni yóò rà á níbí? Síbẹ̀, láti ọdún 2003, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi ṣáájú, ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ ètò tí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn náà àti ẹgbẹ́ Max Foundation jọ ṣe. Láti òkè ọya, láti ìlà oòrùn, láti gbogbo ilẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀. Àwọn kan dúró bí àkàbà, ọwọ́ tálákà sì tó pẹpẹ.

8. Kí ni kí a ṣe?

(i) Bí ibà ọmọ bá padà lẹ́yìn oògùn, tí ojú rẹ̀ ń funfun, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí òkè àdúrà. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà. Hesekáyà gbàdúrà, wọ́n sì tún fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀.

(ii) Ẹ máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Aláìsàn lukímíà kan lè gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú oṣù kan. Bí ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bá pín oṣù láàrin ara wọn, ìdílé kankan nínú ìjọ yìí kò ní máa wá ẹni tí yóò fún wọn lẹ́jẹ̀ ní òru.

(iii) Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ ní London, ní Houston àti ní ìlú mìíràn lẹ́yìn odi, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ìwé olùfúnni mùdùnmúdùn. Bí ẹ bá bímọ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè. Ọmọ yín ni ó kọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ó gba tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí wọ́n tó gé ìwọ́, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe wí. Èyí tó kù ni ti aládùúgbò.

(iv) Ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa, kí a béèrè ìdá 15 tí wọ́n ṣèlérí, kí a sì béèrè pé kí adójútòfò gba ẹrù jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí àwọn òbí.

Èdè wa fi orúkọ kan náà pe ibi tí a ń gbé nǹkan pamọ́ sí àti ibi tí a ti ń rúbọ sí Ọlọ́run: pẹpẹ. Ohun tí a bá gbé lé pẹpẹ Ọlọ́run, kò yẹ kí ó jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ nìkan. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin inú Máàkù orí 2 já òrùlé onílé kí aláìsàn wọn lè dé ọ̀dọ̀ Olúwa. Bí a kò bá tíì lè sọ pẹpẹ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ náà sókè.

Olúwa, dá ọgbọ́n lé àwọn tí ń wá ìwòsàn lórí. Fi àánú sọ́kàn àwọn aláṣẹ. Di àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lórí ibùsùn mú. Sọ wá di àkàbà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.